Ikọ́ Irọ́

Wọ́n ya á sára ilẹ̀kùn fún ẹni tí kò mọ̀wé:
kámẹ́rà kan, ilà pupa gba àyà rẹ̀ kọjá.
Mo rí i. N kò ní sọ pé n kò rí i.
Mo wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo àna tí kò fẹ́ràn rẹ̀,
mo sì wọlé.

Òtútù ló kọ́kọ́ pàdé mi, òtútù òkúta
tí kò rí oòrùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti tò ó.
Abúlé orí òkè ni, ní àríwá ilẹ̀ Potogí,
níbi tí ewúrẹ́ ti pọ̀ ju ènìyàn lọ.
Àwọn áńgẹ́lì sanra lókè pẹpẹ,
wúrà ara wọn ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.
Ta ni yóò rí irú èyí tí ọwọ́ kò ní yún?

Kámẹ́rà mi wà lábẹ́ ẹ̀wù òtútù,
bọ́tìnnì kẹta ni mo ṣí fún ojú rẹ̀.
Àyà ni mo fi ń wòran.
Ṣùgbọ́n ó lóhùn, nǹkan burúkú náà: kẹ́!
bí ẹní ṣẹ́ igi gbígbẹ.
Ni mo bá dọ́gbọ́n ikọ́.
Kẹ́, húù: áńgẹ́lì kan.
Kẹ́, húù: ẹsẹ̀ Jésù, níbi tí ìfẹnukonu ti jẹ ọ̀dà tán.
Eletério tí ń ṣọ́ ibẹ̀ gbójú sókè,
ó tún sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ìwé ìròyìn.
Kẹ́, húù, húù. Mo ti ṣe é jù.

Ìyá àgbà kan dìde níwájú, aṣọ dúdú, ìbọ̀sẹ̀ dúdú;
mo ti rò pé òjìji òpó ni.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá,
mo ráyè pèsè irọ́ mẹ́ta sílẹ̀.
Kò bèèrè ọ̀kankan.
Ó lu àyà ara rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó mi orí,
ó fi súìtì oyin kan sí mi lọ́wọ́,
ìgbóná àpò rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.
Ó wá lọ ju owó sínú àpótí, ó tan àbẹ́là,
ó fi ìka tọ́ka sí mi
kí ẹni mímọ́ náà má baà ṣi ènìyàn mú.
“Belmira,” Eletério pè é jẹ́jẹ́, bí ẹní ń bẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ hunjọ yẹn, iná yẹn, ojú rẹ̀ tó tàn lápá kan:
kò sí àwòrán tó tó o nínú ilé náà.
Ojú kámẹ́rà là sílẹ̀.
Ṣùgbọ́n mo ní láti húkọ́ kí n tó yà á,
súìtì wà lẹ́nu mi,
ikọ́ sì kọ̀.

Lálẹ́, ní yàrá àlejò, mo yẹ wọ́n wò:
áńgẹ́lì tí kò lórí,
ẹsẹ̀ tó dàrú,
ẹ̀kẹta, bọ́tìnnì mi ni.

Bébà súìtì náà ṣì wà nínú àpò kámẹ́rà.
Tí mo bá ti ṣí àpò, á dún.
Ó dún ju kẹ́ lọ.