Wàrà Lítà Méjì

Ní Brandon, ní Manitoba, lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Jánúárì,
òtútù ń fá ni létí bí abẹ.
Èmi ni mo wà nídìí kántà ilé-epo ọ̀gá Dhaliwal
nígbà tí ẹ̀rọ káàdì kú.
Kì í ṣe tiwa nìkan; gbogbo àdúgbò ni.
Wọ́n fi káàdì kàn án, wọ́n tún un kàn,
wọ́n fi nu ṣòkòtò, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i
bí ẹni ń jí ọmọ tó dákú.

Tanner Wiebe gbé wàrà lítà méjì wá.
Ọmọ rẹ̀ ń ké nínú mọ́tò.
Ó rẹ́rìn-ín: "Ṣé mi ò ti sọ?
Owó tèmi ò lọ́gàá. Kì í sùn.
Kì í béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́."
Lóòótọ́, ọ̀gá ti lẹ àmì bítíkọ́ìnì mọ́ gíláàsì láti èṣí.
Eruku nìkan ló ń kà á.

Ó gbé fóònù sókè, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó ti lọ."
Mo wo ọ̀dọ̀ tèmi. Kò tíì dé.
Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́sàn-án.
Wàrà ń làágùn lórí kántà.
Owó ọkọ̀ tí owó náà wọ̀ ti ń tó owó wàrà,
iye rẹ̀ sì ń gòkè, ó ń sọ̀, bí ara oníbà.

N kò ní parọ́ mọ́ ọn o.
Mo ti fi irú rẹ̀ san owó ilé-ìwé àbúrò mi ní Ìṣẹ́yìn:
báńkì ní ọjọ́ mẹ́rin, yóò sì bù ú jẹ lọ́nà;
èyí dé kí ẹ̀bà tó tutù.
Ṣùgbọ́n nígbà tí olè gbé káàdì mi ní Winnipeg,
mo pe nọ́ńbà kan, obìnrin kan dáhùn,
ó ní, "Fọkàn balẹ̀, a ó dá a padà."
Owó tí kò lọ́gàá,
ta ni à ń ké pè bó bá sọnù?

Ìyá tó bí ìyá bàbá mi sin owó ẹyọ sábẹ́ ibùsùn,
àpò mẹ́ta. Ó jí lọ́jọ́ kan, ṣílè ti dé.
Àwọn ọmọ rẹ̀ fi ẹyọ ṣeré.

Olha Hnatiuk ló wà lẹ́yìn Tanner lórí ìlà,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbọ̀n ọ́n sórí kántà:
dọ́là onírin mẹ́fà, ẹyẹ odò ń wẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.
"Gbé wàrà lọ," ló wí. "Ebi ò gbọ́ ti ẹ̀rọ."
Tanner ò lè wò ó lójú. Ó gbé e, ó lọ.

Aago méjì òru, èmi nìkan, mo ń nu ilẹ̀.
Ẹ̀rọ dún: tín.
Owó ti wọlé.
Mo fa ìwé àwìn yọ, èyí tí ọ̀gá ní n kò gbọdọ̀ ní,
mo kọ ọ́ sílẹ̀:
*A jẹ Wiebe ní wàrà lítà méjì.*