Àfòmọ́ Sàmárù

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé Sàmárù,
tí igi òrí ẹ̀yìn ilé wa gbọn ewé rẹ̀ dànù
tó dúró ní ìhòòhò,
ẹ wo òkè, ní apá ọ̀tún:
ìdì ewé kan ṣì ń dán níbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀,
bí àlejò tó yó nínú ilé tí ìyàn mú.

Igi òrí kọ́ ló bí i.
Ẹyẹ kan ló jẹ èso rẹ̀ lórí igi ọsàn Málàm Dogárà.
Kóró náà lẹ̀ mọ́ ọn nídìí bí àtè,
ó nu ìdí mọ́ ẹ̀ka, ó fò lọ,
kò mọ̀ pé òun gbin nǹkan.
Kóró yẹn ò kan ilẹ̀ rí.
Ó na ọwọ́ kan, ó lu èèpo, ó wọ inú iṣan igi,
ó ń bu omi mu láìgbẹ́ kànga.

Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan.
Mo fẹ́ bá wọn jiyàn díẹ̀.
Ta ló bi igi?

Mọ́mì mi, Wúràọlá ọmọ Ọ̀fà,
sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Sáríà
pẹ̀lú àpótí kan àti ẹ̀rọ ìránṣọ.
Ọdún tí bàbá wa kú ni ẹ̀jẹ̀ ríru mú un.
Talatu elégbòogi, ní Kwangila,
tú ìdì kan sílẹ̀ níwájú wa, ó ní, "Kauci.
Èyí ti orí ọsàn, èyí ti orí dòǹgóyárò.
Ẹ ò lè bi mí ní oògùn kí n má bi yín ní igi.
Ohun tí igi bá mu ni kauci ń mu."

Nọ́ọ̀sì ní kí Mọ́mì má fi hóró rẹ̀ sílẹ̀.
Mọ́mì ń lo méjèèjì,
ó sì ń purọ́ fún àwọn méjèèjì.
Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ọwọ́ ta ni ká ti dúpẹ́?

Láàárọ̀ yìí, mo di àdá mú lábẹ́ igi òrí.
Ẹ̀ka náà ti gbẹ, láti ibi ìdì yẹn títí dé ṣóńṣó.
Lọ́dún tó kọjá a ká èso apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta,
lọ́dún yìí, kò kún igbá.
"Gé e," ni Málàm Dogárà wí láti orí ògiri,
"bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi á lọ."
Bí igi bá lọ, òun náà lọ;
ẹnìkan ò sọ ìyẹn fún un.

Òdòdó rẹ̀ pupa bí orí ìṣáná.
Ẹyẹ tín-ín-rín kan, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tó wọ́,
ń ti ẹnu bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
kò dá mi lóhùn, kò dá àdá lóhùn.

Mọ́mì yọjú ní fèrèsé:
"Má gé gbogbo rẹ̀ o.
Fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún mi."
Hausa ló fi sọ ọ́.
Kò tilẹ̀ mọ̀ pé Hausa ni.