Rẹ́jísítà

Lọ́dún tí a kọ́kọ́ wọ yunifásítì ní Akúrẹ́,
igi ìrókò ṣì pọ̀ ju kíláàsì lọ.
Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, olùkọ́ á fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀,
a ó máa wo ẹnu ara wa títí yóò fi dá.

Àwa mẹ́rin ní yàrá kẹtàdínlógún:
bẹ́ẹ̀dì onírin méjì, àtùpà kan,
ṣòkòtò gidi kan ṣoṣo, ẹlẹ́sẹ̀ gbòòrò,
ẹni tó bá fẹ́ lọ kí obìnrin ló ń wọ̀ ọ́.
Akíndójútimi ló ga jù.
Bó bá wọ̀ ọ́, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa kí gbogbo ayé.
Ọmọ olóko kòkó láti Ilé-Olújì,
ìwé ìṣirò ló fi ń ṣe ìrọ̀rí,
ó ní kí nọ́ńbà lè máa rìn wọlé lóru.

Ní sáà kejì, awakọ̀ lọ́rì kan mú lẹ́tà wá:
baba ti já láti orí igi,
kòkó ti pọ́n, kò sẹ́ni tí yóò ká a.
Ó di àpò rẹ̀ ní ìdájí.
"Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n pa orúkọ mi rẹ́."

Ọ̀gá Adégoróyè kì í gba gbẹ̀rẹ́.
Ṣùgbọ́n bó bá ń pe orúkọ, bébà ló ń wò, kì í wojú.
Mo dáhùn tèmi níwájú,
mo rá gba abẹ́ tábìlì dé ẹ̀yìn,
mo mú ohùn wálẹ̀ bí ẹni tó gbé òkúta mì:
"Mo wà níbí, sà."
Mopélọ́lá fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi jẹ́ ènìyàn méjì.
Mo ń fi ọwọ́ òsì buwọ́ lùwé fún un,
mo ń fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba ẹ̀wà
(kí n má purọ́, ìyẹn ò ni mí lára).

Ní Mọ́ńdè kan, "Akíndójútimi!"
Ohùn méjì ló jáde.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpò gàárì lọ́wọ́,
èékánná rẹ̀ dúdú fún oje kòkó.
Ọ̀gá gbójú sókè. Ó wò mí. Ó wò ó.
"Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjì tí ẹ ń jẹ́ ọ̀kan."

Lọ́dún yìí wọ́n pe àwa àgbà padà.
Mo wá yàrá kẹtàdínlógún títí;
ọmọ kan ní ibẹ̀ ni wọ́n ń páàkì mọ́tò sí.
Nínú gbọ̀ngàn, ọ̀dọ́bìnrin kan ń ka orúkọ
àwọn tí wọn ò sí mọ́.
Bébà ló ń wò.
Ó dé orí tirẹ̀.
Orúnkún mi kò lè rá gba abẹ́ tábìlì kankan mọ́.
Mopélọ́lá, orí rẹ̀ ti funfun, gbá ọwọ́ mi mú,
ó ti mọ ohun tó ń bọ̀.

"Mo wà níbí, sà."