Ìlà Kan Péré

Nílé ìdáná ìyá àgbà ní Tbilisi
ni mo jókòó sí, mo dojú kọ kọ̀ǹpútà,
ẹ̀wù funfun lókè, ṣòkòtò àwọ̀sùn nísàlẹ̀.
Zurab kò rẹ́rìn-ín. Ó ní:
“Bí ẹ̀wọ̀n bá ń tọ́ka síwájú, síwájú,
báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti ká padà sára rẹ̀?”
Itọ́ gbẹ lẹ́nu mi.
Ìyá àgbà ń ro ẹ̀wà lẹ́yìn mi,
ṣíbí ń lu ìkòkò: kó, kó, kó.
Mo ní: ẹ rán ahun, ẹ rán ehoro.
Bí ọ̀nà bá lópin, ehoro á kọ́kọ́ débẹ̀.
Bó bá jẹ́ òbìrípo ni,
ehoro á sáré títí, á tún yọ lẹ́yìn ahun.
Ó dákẹ́.
Mo rò pé mo ti fìdí rẹmi.

Oṣù kẹfà, wọ́n fún mi ní àga tó ń ké.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbàgbé àmì kan,
ojú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè kú
fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Mo sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀, mo bọ́jú, mo jáde.
Zurab gbé tíì dání:
“Tèmi, ọjọ́ méjì gbáko ni.
Jókòó. Fi ibi tó ti já hàn mí.”

Lónìí, ìyá àgbà bi mí: “Kí lo ṣe níbi iṣẹ́?”
“Mo pa ìlà kan rẹ́.”
“Látàárọ̀?”
“Láti ọjọ́ mẹ́ta.”
Ó wò mí, ó wo ìkòkò.
“Wọ́n sì ń sanwó?”
Ó bu ẹ̀wà kún àwo mi
bí ẹni tó roko dé.