Orúkọ Tí Mo Kọ Sára Ọkọ̀

Òòlù wà lọ́wọ́ mi, ìṣó mẹ́ta wà lẹ́nu mi
nígbà tí Tìjání pè láti ilẹ̀ Ẹstóníà.
Ó ní, "Bàbá, a ti bí i. Laine la sọ ọ́."
Mo tu ìṣó dànù.

Láìní?
Ta ní ń wo ojú ọmọ tuntun kó sọ ọ́ ní Láìní?
Láìní owó, láìní ilé, láìní ẹnìkan?
Sínótù ti gbọ́ láti ìdí ààrò ẹja,
ó ń ké pé wọ́n ti fi orúkọ dí ọ̀nà mọ́ ọmọ òun.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Mo bi í: ilé ta lẹ wò?

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní omi làwọn wò.
Ìgbì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀,
orúkọ ìyá ìyàwó òun ni, ọmọ apẹja,
láti erékùṣù kan tí òkun rẹ̀ ń dì gbagidi nígbà òtútù
débi pé ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀.

Ó ní nígbà kan rí, orúkọ àlejò làwọn náà ń jẹ́,
èyí táwọn tó gba ilẹ̀ wọn gbé kọ́ wọn lọ́rùn;
nígbà tó yá, wọ́n yíjú sínú èdè tiwọn,
wọ́n ń ṣa orúkọ bí ẹni ń ṣa ìkarahun:
ìtànná, àfẹ̀mọ́júmọ́, ìgbì.

Èmi Bùráímọ̀ dákẹ́.
Orúkọ tèmi náà, ọ̀nà jíjìn ló gbà dé Ẹ̀pẹ́.

Mo ní, ìgbì tó ti dì ńkọ́? Ṣé ìgbì ṣì ni?
"Bàbá, ó ń mí lábẹ́."

Ogójì ọdún ni mo ti ń kan ọkọ̀ de ìgbì,
n kò bi í ní orúkọ rẹ̀ rí.

Sínótù kò gbà o. Àwẹ̀ró ló ń pe ọmọ lórí fóònù,
ọmọ náà sì ń fi ẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo po ọ̀dà funfun,
mo kọ lẹ́tà márùn-ún sí iwájú ọkọ̀ ará Èjìnrìn kan.
Ó dé, ó fajú ro: "Láìní kí ni?"
Mo ní, "Láìní ìbẹ̀rù."
Ó yọ ẹgbẹ̀rún méjì náírà nínú owó mi.
A jùmọ̀ tì í sínú ọ̀sà.
Ọ̀dà kò tíì gbẹ
tí omi ti ń fọwọ́ tọ́ orúkọ rẹ̀ wò.