Ẹgbẹ̀ta Ó Dín Mẹ́tàlá

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí íméèlì ń wọlé, tí ọ̀kan kò jáde.
Báńkì ń kọ̀wé sí mi.
Ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ń kọ̀wé sí mi.
Ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí fẹ́ ta ilẹ̀ fún mi l'Ábújá.
Tèmi, bí mo bá ti tẹ ọ́ pé kó lọ,
àmì róbótó kan á máa yí, á máa yí
bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn,
títí yóò fi sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe.

Mọ́kànlá ni wọ́n tó há sínú àpótí,
wọ́n tò bí ọmọ ilé-ìwé tó pẹ́ dé
tí olùṣọ́ kò ṣílẹ̀kùn fún.

Mo pe ilé-iṣẹ́ wọn ní Kàbà.
Ọmọbìnrin tó gbé e ní kí n pa á, kí n tún un tàn.
Mo pa á. Mo tàn án.
Ó ní bóyá ọyẹ́ ló ti àwo orí òrùlé.
Mo gun àga lọ wò ó:
àwo dúró ṣinṣin, alángbá kan ń mi orí lórí rẹ̀.
Ó ní ṣé kì í ṣe pé mo gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà.
Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ni ní ìṣirò n'Ísánlú níbí!
Ó ní kí n mú sùúrù. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í dún sí mi létí.
Káàdì tán lórí orin.

Ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n tó rán Jẹ́milóhùn wá
lórí ọ̀kadà, eruku ọ̀nà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.
"Òkun o, Màmá."
Òkun, ọmọ mi. Orúkọ rẹ yìí
ni mo ti ń bẹ̀ yín fún láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ó mu omi, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.
"Wọ́n ti ti ẹnu ọ̀nà tí ẹ ń gbà.
Márùndínlọ́gbọ̀n. Àwọn oníjìbìtì ló ń gba ibẹ̀ jáde,
ni ọ̀gá wa bá tì í pa, fún olè, fún olóòótọ́.
Ẹ kò ṣẹ nǹkan kan. Kò kàn sẹ́ni tó sọ fún yín ni."

Ó pe nọ́ńbà tuntun lédè òyìnbó,
èmi yí i padà sí tiwa:
ẹgbẹ̀ta ó dín mẹ́tàlá.
Báyìí ni a ṣe ń kà á. A ó kọ́kọ́ dé ibi tó kún,
a ó wá yọ ohun tí kò sí.
Bí mo ṣe ń ka ọmọ Bàbá wa nìyẹn
láti ìgbà tí a ti sin ín: mẹ́fà, ó dín ẹnìkan.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìkẹrin.

Ìkẹrin, sí Bámitálẹ́ ní Kánádà,
lórí oko kọfí tó tà láìbi mí.
Òru tí kò síná ni mo kọ ọ́.
Mo pè é ní olè. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
bóyá kò ní rí ti àkọ́kọ́.
Ilẹ̀kùn tí mo ń gbé ṣépè
ló ti ń bá mi di ẹnu mi mú.

"Dúró ná, Jẹ́mi—"
àmì róbótó ti dákẹ́.
Mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án. Méje. Òfo.
"Ó ti lọ, Màmá!" Inú rẹ̀ dùn.
Mo bu ẹ̀pà fún un, mo dúpẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bámitálẹ́ fèsì, ìlà kan péré:
"Mo rí i. Ta ló sọ fún ọ pé mo tà á?"

Mo ti kọ èsì.
Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀, iná wà,
alángbá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àwo.
Èsì kò tíì lọ.
Ẹ má pe Kàbà.
Ìka mi ló wà lórí bọ́tìnì, tí kò tíì tẹ̀ ẹ́.