Ẹ Di Ajá Yín Mú

Ní Dornod, bí àlejò bá ń bọ̀ lórí ẹṣin,
òkèèrè ló ti máa ń ké:
“Ẹ di ajá yín mú o!”
Àgọ́ ṣì rí bíńtín lójú ọ̀nà, ohùn rẹ̀ ti wọlé.
Bó bá dé, kì í ṣí fìlà.
Fìlà lọ̀wọ̀. Fìlà la fi ń mọ ẹni tó wá ire.

Èyí tó wọ agbo màlúù ìyá mi kò ké sí ẹnikẹ́ni.

Aago mẹ́rin ìdájí ló pè mí ní Ulaanbaatar.
“Nyamsuren, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn,
ó ń di yìnyín kó tó kanlẹ̀.
Pátákò ń bó. Ọmọ màlúù mẹ́ta ti kú.
Kí lo wá ń kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ yẹn láti ọdún yìí wá?”

Mo wọ bàtà. Mo gba inú èéfín èédú lọ sí yàrá ìwádìí.

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lára ahọ́n màlúù, ilé-iṣẹ́ ni.
Ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò lóǹkà:
wọ́n ń ka lẹ́tà, wọ́n ń hun purotéènì,
tòru tọ̀sán, láìmu tíì.
Gbogbo lẹ́tà tó bá ti yàrá àárín jáde ló ń dé fìlà.
Adènà kan wà níbẹ̀,
ó na ọwọ́ kan sí fìlà, ó na ọwọ́ kejì sí ẹ̀rọ,
ó so wọ́n pọ̀ bí ẹni ń gbé ọmọ lé ìyá lọ́wọ́.
Kò sí fìlà, kò sí kíkà.

Orí òfo ni fáírọ́ọ̀sì gbé wá.
Kò jà. Kò fọ́ ẹ̀rọ kankan,
ẹ̀rọ gan-an ló wá yá —
yá kẹ̀? Ta ni yóò dá a padà?
Àlùmọ́gàjí bíńtín kan ló yọ,
ó gé adènà láàárín méjì.
Ọwọ́ tó di fìlà mú ṣubú sọ́tọ̀.
Ọwọ́ tó di ẹ̀rọ mú ṣubú sọ́tọ̀.
Lẹ́tà àjèjì ti ká ara rẹ̀ kò, ó di kọ́kọ́rọ́,
ó sì wọ àtẹ́lẹwọ́ èyí tó di ẹ̀rọ mú.
Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani:
ìlàjì adènà ló ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo rí i lórí fíìmù.
Wákàtí òdo: ìlà dúdú kan, ó nípọn, adènà pé.
Wákàtí kìíní: ó ń ṣá.
Wákàtí kejì: kò sí mọ́,
ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló kù nísàlẹ̀.
Zolzaya bojú wò ó, ó ní, “Ó yá ju tàná lọ.”
Ó ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ajá ńkọ́?
Sẹ́ẹ̀lì ní ajá. Bí àjèjì bá wọlé,
ó ń kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbó,
kí aládùúgbò tilẹ̀kùn.
Ó kọ wọ́n. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n wọ́n,
wọ́n pọ̀ bí ewé.
Fìlà wà lórí gbogbo wọn.
Wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà,
wọ́n ń dúró de adènà tó ti di méjì.

Ọ̀sán ni mo tó pè é padà.
“Ìyá, ẹnì kan ló wọ àgọ́ láìké,
ó jókòó ti ààrò,
ó ń fi wàrà yín se oúnjẹ ọmọ tirẹ̀.”
Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú fóònù.
“Ajá kò rí i ni?”
“Ó rí i. Ohùn ni wọn ò jẹ́ kó ní.”

Kò fèsì. Lẹ́yìn rẹ̀, níta,
mo gbọ́ ọkọ̀ tó dúró, mo gbọ́ ṣọ́bìrì.
Àwọn tó ń gbẹ́ kòtò ti dé.
Ọmọlúàbí ènìyàn ni wọ́n, wọn ò sún mọ́lé.
Ọ̀kan nínú wọn ké láti òkèèrè:
“Ẹ di ajá yín mú o!”